Òṣùká Orúnkún Àtọwọ́dá: Ìdánwò Rẹ̀ Lára Ẹranko àti Ìperí Tí Ó Yẹ Ẹ́

1. Ìfáárà

Nínú oríkèé orúnkún ọmọ ènìyàn, ní agbede-méjì eegun itan àti eegun ojúgun, nǹkan méjì kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní meniscus. Wọn kì í ṣe eegun, wọn kì í sì í ṣe ẹran lásán. Kerekere líle tí ó kún fún fọ́nrán ni wọ́n. Agbábọ́ọ̀lù tí orúnkún rẹ̀ lọ́ lórí pápá lè fà á ya. Ẹni tí ó ṣubú lórí ọ̀kadà lè fà á ya. Àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ lè kàn dìde lórí ìjókòó kí ó ya. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé èyí tí ó ya kúrò, ìrora lè rọlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, kerekere tí ó bo orí eegun lè máa gbó díẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ti ń wá ohun àtọwọ́dá tí a lè fi sí àyè rẹ̀ láti nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n sì ń kọ́kọ́ dán irú ohun bẹ́ẹ̀ wò lára ajá, ehoro, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn kí wọ́n tó gbé e dé ara ènìyàn.

Iṣẹ́ méjì ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe. Èkíní ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ìdánwò yìí àti ohun tí ó lè fi hàn wá. Èkejì ni láti dá àbá ìperí tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè lò fún un. Iṣẹ́ méjèèjì kò ṣeé yà nípa, nítorí pé nínú ìtàn ẹ̀yà ara yìí, orúkọ tí a pe nǹkan ni ó ti ń pinnu ohun tí a ṣe sí i. Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a ó wò níhìn-ín ni iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, bí ìdánwò ti fi í hàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí á fi ṣàlàyé ìtọ́jú rẹ̀ fún un, kí á sì ro bí ó ti mọ̀wé tó. Bí ìyá oníṣòwò kan láti Dùgbẹ̀ tàbí awakọ̀ kan láti Challenge bá jókòó níwájú oníṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a bá lò ni yóò sọ ohun tí ó gbà pé wọ́n fẹ́ fi sí òun lára. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe ìlérí ju ohun tí ìdánwò fi hàn lọ, aláìsàn ti fọwọ́ sí ohun tí kò sí.

Kì í ṣe òní ni a ti ń fi Yorùbá ṣe iṣẹ́ ìmọ̀. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì la ọ̀nà fún ìperí nípa èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ohun tí a ń ṣe níhìn-ín ni láti rin ọ̀nà kan náà wọ inú iyàrá iṣẹ́ abẹ.

2. Kí ni meniscus, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ìsàlẹ̀ eegun itan rí roboto lápá méjì, bí ìgbá ìkòkò méjì tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Òkè eegun ojúgun ní tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí a bá gbé ohun roboto lé orí ohun pẹrẹsẹ, ojú kékeré kan ni wọ́n ti ń pàdé, gbogbo ẹrù á sì wọ́ jọ sí ojú kan náà. Níbi yìí ni meniscus ti ń wúlò. Ẹyọ kan wà ní ìhà inú orúnkún, ẹyọ kan wà ní ìhà ìta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí òrùka tí kò padé; etí rẹ̀ nípọn, àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó ń kún àlàfo tí ó wà láàárín roboto àti pẹrẹsẹ, ó sì ń tan ẹrù ká ojú tí ó fẹ̀.

Yorùbá ní ohun kan tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an. Bí ènìyàn bá fẹ́ ru ẹrù, a ká aṣọ, a fi ṣe òṣùká, a gbé e lé orí kí ẹrù tó gorí rẹ̀. Òṣùká ń mú kí ohun tí ìrísí wọn kò bára mu jókòó lé ara wọn. Ó ń tan ẹrù ká. Ó sì ń gba orí lọ́wọ́ ìpalára. Ìdí nìyí tí a fi dá a lábàá pé kí á máa pe meniscus ní òṣùká orúnkún. Èyí tí ó wà ní ìhà inú yóò jẹ́ òṣùká inú, èyí tí ó wà ní ìhà ìta yóò jẹ́ òṣùká ìta.

Àfiwé yìí tún ràn wá lọ́wọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ díẹ̀. Bí ẹrù bá tẹ òṣùká orúnkún, ó máa ń fẹ́ sún jáde síta, nítorí pé etí rẹ̀ nípọn ju àárín lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí ó sún jáde ni pé orí rẹ̀ méjèèjì so mọ́ eegun ojúgun, àti pé àwọn fọ́nrán tí ó lágbára jù nínú rẹ̀ tẹ̀ lé òòró rẹ̀ yíká. Bí ó bá fẹ́ sún, fọ́nrán a fà le, agbára tí ó ń tì í síta a sì di agbára tí ń fa fọ́nrán. Ẹ wo òṣùká aṣọ tí ẹnì kan fi abẹ gé ní ìbú: yóò tú ká, ẹrù yóò sì kan orí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òṣùká orúnkún tí ó ya ní ìbú láti etí dé etí. Ó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́. Èyí tí ó ya ní òòró kò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán yíyíká lè wà síbẹ̀ tí yóò máa gbé ẹrù. Nítorí náà, kí ògbufọ̀ má ṣe kọ pé òṣùká orúnkún “ya” lásán. Kí ó sọ bóyá ní ìbú ni tàbí ní òòró.

Gbogbo àfiwé ló ní ibi tí ó mọ. Òṣùká aṣọ ṣeé gbé kúrò lórí nígbàkigbà. Ti orúnkún so mọ́ ara. Òṣùká aṣọ padé yípo. Ti orúnkún ní ẹnu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ti orúnkún jẹ́ ara alààyè tí ẹ̀jẹ̀ kò dé gbogbo rẹ̀. Ní 1982, Arnoczky àti Warren fi hàn pé ìhà etí ìta nìkan ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ̀ nínú òṣùká orúnkún àgbàlagbà: nínú òṣùká inú, láti 10 dé 30 nínú ìdá 100 fífẹ̀ rẹ̀, nínú òṣùká ìta, láti 10 dé 25. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé lè jinná bí ó bá ya. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kì í sábà jinná fúnra rẹ̀. Òtítọ́ kan yìí ni ó bí wíwá òṣùká àtọwọ́dá.

3. Orúkọ tí ó ṣi oníṣẹ́ abẹ lọ́nà

Ọ̀rọ̀ meniscus wá láti inú èdè Gíríìkì. “Oṣù kékeré” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìrísí ni orúkọ náà sọ, kò sọ iṣẹ́. Orúkọ tí ó sọ ìrísí nìkan fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé nǹkan náà kò ní iṣẹ́ kankan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní 1887, John Bland-Sutton, oníṣẹ́ abẹ ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé àjẹkù iṣan ẹsẹ̀ ni wọ́n, tí kò ní iṣẹ́ mọ́. Bí a bá ti pe nǹkan ní àjẹkù, kí ni a ó máa fi í pamọ́ fún? Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, gígé gbogbo rẹ̀ dànù ni ìtọ́jú tí ó wọ́pọ̀ jù.

Ẹranko ni ó kọ́kọ́ tako orúkọ yìí. Ní 1936, Don King ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìdánwò tí ó ṣe lára ajá jáde. Ó gé òṣùká orúnkún àwọn ajá kan, ó sì rí i pé kerekere orí eegun wọn gbó. Bí ohun tí ó gé bá ṣe pọ̀ tó ni gbígbó náà ṣe pọ̀ tó. Ó tún rí i pé yíya tí ó bá dé etí ìta, níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà, lè jinná. Ní 1948, T. J. Fairbank fi àwòrán ẹ̀rọ x-ray fi irú ìyípadà kan náà hàn nínú orúnkún àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gé òṣùká wọn: eegun hù ní etí, àlàfo oríkèé dín, ìsàlẹ̀ roboto eegun itan sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́.

Láti 1887 dé 1948 jẹ́ 61 ọdún. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni ó fa gbogbo ìdádúró náà, ṣùgbọ́n orúkọ kó ipa tirẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí a bá kọ́ ní òṣùká orúnkún kò nílò ẹni tí yóò tún sọ fún un pé nǹkan náà ń gbé ẹrù.

4. Bí a ṣe ń dán àfibọ̀ wò lára ẹranko

4.1 Orúnkún ẹranko dà?

Ìṣòro kan wà tí ó yẹ kí á yanjú kí á tó lọ síwájú. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí orúnkún àgbò, ó ṣeé ṣe kí ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ iwájú, nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú ni àgbò fi ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkèé tí ó fi ń kúnlẹ̀ yìí ni ó bá ọrùn ọwọ́ ènìyàn mu. Orúnkún tí oníṣẹ́ abẹ ń sọ wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, lókè, lẹ́bàá ikùn, níbi tí itan ti pàdé ojúgun. Alápatà tí ń kun ẹran ní Bódìjà mọ oríkèé yìí dáadáa. Nítorí náà, nínú ìròyìn ìdánwò, kí ògbufọ̀ kọ “orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn” ní ìgbà àkọ́kọ́ ó kéré tán. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé akẹ́kọ̀ọ́ lè ra ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àgbò ní ọjà, kí ó la oríkèé náà níwájú wọn. Wọn yóò rí òṣùká méjèèjì, funfun, tí wọ́n tẹ̀ yípo lórí eegun ojúgun.

4.2 Ìlànà ìdánwò

Àgùntàn àti ewúrẹ́ ni a máa ń lò jù lónìí fún àfibọ̀ tí ó ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, nítorí pé orúnkún wọn tóbi tó, ó sì jọ ti ènìyàn dé ìwọ̀n kan. Ehoro kéré, a sì máa ń lò ó fún ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀. Ẹranko tí ó ti dàgbà ni ó yẹ kí á yàn, torí pé ara èyí tí ó ṣì kéré máa ń tètè jinná, èyí sì lè mú kí àfibọ̀ dára lójú ju bí ó ti rí lọ.

A ó fún ẹranko ní oògùn akunnilóorun. Oníṣẹ́ abẹ yóò ṣí oríkèé, yóò yọ òṣùká kan, ó sábà máa ń jẹ́ òṣùká inú, yóò sì fi àfibọ̀ sí àyè rẹ̀. Àwọn ẹranko mìíràn wà tí a ó yọ òṣùká tiwọn tí a kò ní fi nǹkan kan dípò. A tún nílò orúnkún tí a kò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Orúnkún wọ̀nyí ni a dá lábàá pé kí á pè ní orúnkún àfiwé, àwọn méjèèjì ni a sì nílò. Bí a bá fi àfibọ̀ wé orúnkún tí a yọ òṣùká rẹ̀ lásán, ìbéèrè tí a ń béèrè ni pé: ṣé ó sàn ju òfo lọ? Bí a bá fi í wé orúnkún tí ó pé, ìbéèrè wa ni pé: ṣé ó dára tó ti àdáyébá? Ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ti ìkejì sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ pé àfibọ̀ “dára” láìsọ ohun tí a fi wé kò tíì sọ nǹkan kan.

Nígbà tí àkókò bá pé, a ó pa ẹranko ní ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí ó jẹ̀rora, a ó sì yẹ oríkèé wò. A ó fi ojú wo kerekere orí eegun. A ó kun ún ní aró, a ó sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. A ó wò bóyá àfibọ̀ ya tàbí ó sún kúrò ní àyè rẹ̀. A ó sì wò bóyá ègé rẹ̀ ti kéékèèké ti wọ inú awọ oríkèé tí ó sì mú un wú. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àfibọ̀ nìkan ni a ń dá lẹ́jọ́. Ẹlẹ́rìí tí ó ṣe pàtàkì jù ni kerekere orí eegun, nítorí pé òun ni a torí rẹ̀ fi òṣùká sí i.

4.3 Àkókò

Àkókò lè yí ẹ̀rí padà. Ní 2007, Kelly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde nípa àfibọ̀ tí a fi ike rírọ̀ tí ń mumi ṣe, èyí tí wọ́n fi sí orúnkún àgùntàn. Ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, kerekere tí àfibọ̀ wà lórí rẹ̀ sàn ju ti orúnkún tí a yọ òṣùká rẹ̀ lásán. Nígbà tí ó di ọdún kan, àfibọ̀ náà ti ya ní ìbú, kerekere sì ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti dá ìdánwò náà dúró ní oṣù kẹrin, ìròyìn ayọ̀ ni à bá máa kà. Ìlànà tí ó tẹ̀yìn èyí jáde fún ògbufọ̀ rọrùn: kí gbólóhùn tí ó sọ àbájáde máa sọ iye oṣù pẹ̀lú.

4.4 Ohun tí àgùntàn kò lè sọ fún wa

Àgùntàn ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn. Ènìyàn ń fi méjì rìn. Orúnkún àgùntàn kì í nà tán bí ti ènìyàn. Ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo. A lè sọ fún ènìyàn pé kí ó fi ọ̀pá rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó má fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò sọ èyí fún àgùntàn kí ó gbọ́. Àgùntàn kò lè sọ bí ó ti ń dùn ún tó. Bí ó ti ń rìn nìkan ni a lè fi mọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ọdún kan tàbí méjì ni ìdánwò ẹranko sábà máa ń gbà, nígbà tí ẹni ọgbọ̀n ọdún tí òṣùká rẹ̀ ya ń wá ohun tí yóò bá a gbé ẹrù fún ogójì ọdún sí i.

A kò sọ pé ìdánwò ẹranko kò wúlò. Ajá ni ó já irọ́ àjẹkù. Ohun tí a ń sọ ni pé ìpele ẹ̀rí kan ni. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí á máa sọ ẹ̀rí ìpele ẹranko àti ẹ̀rí ìpele ènìyàn, kí á má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta dàrú mọ́ ara wọn: a dán nǹkan wò, ìdánwò fi nǹkan hàn, ọ̀pọ̀ ẹ̀rí sì fi ìdí nǹkan múlẹ̀. Ohun tí a ti dán wò kò tíì di ohun tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

5. Àfigùn àti àrọ́pò

Ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá fún implant ni àfibọ̀, ìyẹn ohun tí a fi bọ inú nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì sí àwọn tí ń kọ́ gírámà, nítorí pé ìfibọ̀ ni à ń pe kí á fi gbólóhùn kan sínú gbólóhùn mìíràn. Ó dára nítorí pé kò ṣe ìlérí kankan. Ó sọ pé a fi nǹkan sínú ara. Kò sọ pé yóò ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí á pín àfibọ̀ orúnkún sí ọ̀nà méjì. Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu máa ń ri ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ ebè kí ìtàkùn iṣu lè gùn ún. Ọ̀pá kì í ṣe iṣu. Bí ọ̀pá bá rà nígbà tí iṣu ti ta, àgbẹ̀ kò pàdánù. Irú àfibọ̀ kan wà tí ó rí báyìí: ihò kéékèèké kún inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ara ni yóò wọ inú rẹ̀ tí yóò sì hu ẹran titun, òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa yọ́. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní scaffold. Àfigùn ni a pè é. Irú kejì kì í yọ́, ara kì í sì í hù dípò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé ẹrù. Èyí ni àrọ́pò.

Àwọn kan lè fẹ́ fi ohun tí a fi ṣe àfibọ̀ pín in, pé ti ike yàtọ̀, ti ara ẹranko yàtọ̀. Ìpín yìí kò ní gbè wá. Àfibọ̀ kan wà tí a fi kọ́lájìn láti inú iṣan gìgísẹ̀ màlúù ṣe, àfigùn ni. Òmíràn wà tí a fi ike polyurethane ṣe, tí wọ́n dán wò lára àgùntàn tí wọ́n sì gbà láàyè ní Yúróòpù ní 2008. Àfigùn ni òun náà. Òmíràn tún wà tí a fi ìbátan ike kan náà ṣe, tí ìròyìn ìdánwò rẹ̀ lára àgùntàn jáde ní 2011, àrọ́pò ni. Ohun èlò jọra, iṣẹ́ yàtọ̀. Iṣẹ́ ni kí á fi sọ wọ́n lórúkọ.

Ìtàn àfibọ̀ kọ́lájìn fi hàn pé ìyàtọ̀ yìí tó ohun tí a lè gbé dé ilé ẹjọ́. Stone, Rodkey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìròyìn ìdánwò rẹ̀ lára ajá jáde ní 1992. Wọ́n rí i pé ẹran titun hù níbẹ̀. Ní 2008, ìròyìn ìdánwò lára ènìyàn 311 jáde. Àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ lórí òṣùká náà rí ṣáájú jẹ àǹfààní rẹ̀; àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ kò jẹ àǹfààní kankan tí ó ju ti gígé lásán lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn, gbà kí á máa tà á. Ìdí tí wọ́n fi gbà á ni pé wọ́n kà á sí ìbátan àwọ̀n iṣẹ́ abẹ tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2010, àjọ náà kéde pé àṣìṣe ni ìgbàláàyè náà. Àlàyé wọn ni pé iṣẹ́ àwọ̀n ni láti ti ara tí ó wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àfibọ̀ yìí wà fún mímú kí ara titun hù dípò èyí tí a ti gé kúrò. Iṣẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Washington dájọ́ pé ọ̀nà tí àjọ náà gbà fagi lé ìgbàláàyè náà kò bá òfin mu. Ilé ẹjọ́ kò sọ bóyá àfibọ̀ náà dára tàbí kò dára.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Ajá kan náà ni, kọ́lájìn kan náà ni, ènìyàn 311 kan náà ni. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ kí á lò: ṣé ó ń tì í lẹ́yìn ni, tàbí ó ń rọ́pò? Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ onímọ̀ èdè kò kan oníṣẹ́ abẹ, kí ó tún ìtàn yìí kà.

6. Ìperí nípa ìtọ́jú ẹranko

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ìwé tí Russell àti Burch kọ ní 1959 gbé ìlànà mẹ́ta kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ lo ẹranko fún ìwádìí: bí ohun mìíràn bá lè ṣe é, kí á má lo ẹranko, bí a bá gbọ́dọ̀ lò ó, kí iye rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí á sì dín ìrora àti ìnira rẹ̀ kù. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, níwájú Àgbowó, níbi tí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Ẹranko wà, ìgbìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ìwádìí lára ẹranko wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ewu ìperí kan wà níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún fífi ohun mìíràn dípò ẹranko àti fún fífi ohun àtọwọ́dá dípò òṣùká. Bí a bá lo àrọ́pò fún méjèèjì nínú ìròyìn kan, òǹkàwé yóò ṣìnà. A dá a lábàá pé kí á fi àrọ́pò mọ sí ti inú ara, kí á sì pe ìlànà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìyẹra-fẹ́ranko, ìdín-iye-kù àti ìdín-ìrora-kù.

7. Àkójọ ìperí tí a dá lábàá

Òṣùká orúnkún: kerekere oní-fọ́nrán tí ó tẹ̀ yípo láàárín eegun itan àti eegun ojúgun, tí ń tan ẹrù ká.
Òṣùká inú, òṣùká ìta: ti ìhà inú àti ti ìhà ìta orúnkún.
Yíya ní ìbú: yíya tí ó gé fọ́nrán yíyíká kọjá.
Yíya ní òòró: yíya tí ó tẹ̀ lé fọ́nrán yíyíká.
Kerekere orí eegun: kerekere dídán tí ó bo orí eegun nínú oríkèé.
Oríkèé gbígbó: àìsàn tí kerekere orí eegun fi ń tán lọ. Làkúrègbé kò tó fún èyí, nítorí pé gbogbo ìrora oríkèé ni ó kó pọ̀.
Àfibọ̀: ohunkóhun tí a fi sínú ara láti ṣe iṣẹ́ kan.
Àfigùn: àfibọ̀ tí ara ń hù wọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń yọ́.
Àrọ́pò: àfibọ̀ tí kì í yọ́, tí ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀yà ara fúnra rẹ̀.
Orúnkún àfiwé: orúnkún tí a kò fi àfibọ̀ sí, tí a fi ń díwọ̀n èyí tí a fi sí.
Ẹ̀rí ìpele ẹranko, ẹ̀rí ìpele ènìyàn: ohun tí ìdánwò fi hàn ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

8. Ìkádìí

Ìwúlò ìperí wà nínú gbólóhùn. Ẹ jẹ́ kí á fi gbólóhùn méjì wé ara wọn. Èkíní: “A ó fi òṣùká tuntun sí orúnkún yín. Wọ́n ti dán an wò, ó sì dára.” Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣòro nínú rẹ̀, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ àfigùn di òṣùká, ó sọ ìdánwò di ìdánilójú, ó sì fi ohun tí a fi wé pamọ́.

Èkejì: “A ó fi àfibọ̀ kan sí àyè ibi tí a gé kúrò nínú òṣùká orúnkún yín. Àfigùn ni; a ń retí pé ara yín yóò hù wọ inú rẹ̀, òun yóò sì máa yọ́. Wọ́n ti fi í sí orúnkún àgùntàn fún ọdún kan. Kerekere àwọn àgùntàn náà kò gbó tó ti àwọn tí a gé òṣùká wọn lásán, ṣùgbọ́n kò dára tó ti orúnkún tí ó pé. Orúnkún àgùntàn kò sì rí bí ti ènìyàn délẹ̀délẹ̀.” Àpẹẹrẹ ni èyí, iye oṣù àti àbájáde yóò yí padà gẹ́gẹ́ bí àfibọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti rí. Ó gùn ju ti èkíní lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó fọwọ́ síwèé. Ìyá oníṣòwò tí ó ti ń ka òṣùká lé orí láti kékeré kò ní ṣàìmọ èyí tí yóò béèrè.